Ìwé wo ni kí a kà fún kẹ́mísìrì, materials science àti báyọ́lọ́jì kí a tó wọ yunifásítì?

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí admission gbà láti ka Materials Science and Engineering, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun èlò bí irin, gíláàsì àti ike. CHM 101, kọ́ọ̀sì kẹ́mísìrì, wà nínú ohun tí wọ́n máa kọ́ wa lọ́dún kìn-ín-ní. Mo tún fẹ́ mọ báyọ́lọ́jì díẹ̀, torí ohun èlò tí wọ́n ń fi sínú ara èèyàn, bí irin tí wọ́n fi ń to egungun tó ṣẹ́, ló wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìwé tó wà nílẹ̀ ni New School Chemistry ti Ababio àti Modern Biology ti Ramalingam tí a lò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Oṣù mẹ́ta ló kù kí a wọlé. Owó ò pọ̀, dátà náà ò pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé?

Àǹtí_Kẹ́mísìrì

O kú oríire, àbúrò. Má tíì ra nǹkan kan. Pa ìwé dé, kí o kọ́kọ́ fi ìbéèrè yìí dán ara rẹ wò: wọ́n da 4 g háídírójìn pọ̀ mọ́ 16 g ọ́síjìn, wọ́n sì ṣáná sí i. Omi mélòó ló máa jáde? Kí ló máa ṣẹ́kù, báwo ló sì ṣe máa pọ̀ tó?

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. 4 g H₂ jẹ́ 2 mol (mole, òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń ka átọ́ọ̀mù àti mólékù), 16 g O₂ jẹ́ 0.5 mol. 2H₂ + O₂ → 2H₂O sọ fún wa pé ọ́síjìn 1 mol máa ń gba háídírójìn 2 mol. Ọ́síjìn 0.5 mol á gba háídírójìn 1 mol péré, òun ló sì máa kọ́kọ́ tán. Omi tó jáde jẹ́ 1 mol, ìyẹn 18 g, háídírójìn tó ṣẹ́kù sì jẹ́ 2 g. Ro ó pọ̀: 18 + 2 = 20, ohun tí wọ́n dà sínú rẹ̀ náà sì jẹ́ 20. Ẹni tó kọ 36 g ti fi háídírójìn nìkan ṣe ìṣirò, kò bi ara rẹ̀ bóyá ọ́síjìn tó. Omi 36 g kò lè jáde látinú 20 g, kò sí ibi tó máa gbà.

Tó o bá ṣe é yanjú láìwo ibì kankan, ti Ababio sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o bọ́ sórí ìwé yunifásítì. Tí kò bá yanjú, fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣe gbogbo ìṣirò mole tó wà nínú Ababio, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, láìfo ọ̀kankan.

Ìwé yunifásítì tí mo máa ní kí o gbé ni Chemistry 2e ti OpenStax. Rice University ní Houston ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, PDF rẹ̀ wà lórí ìkànnì wọn, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí o forúkọ sílẹ̀ kó o tó gbà á. Orí 21 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n má kà á tẹ̀lé ara wọn. Ka 2, 3 àti 4 fún átọ́ọ̀mù, mole àti ìṣirò ìdọ́gba. Lẹ́yìn náà 6 àti 7, bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe tò àti ìdí tí átọ́ọ̀mù fi ń so mọ́ra. Fo 8 ná, kí o bọ́ sí 10 tó sọ̀rọ̀ lórí ohun olómi àti ohun líle, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. 5 àti 16 lórí agbára ooru, 17 lórí iná mànàmáná àti ìdípẹtà. CHM 101 á tún béèrè 9 àti 14 lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn gáàsì àti ásíìdì. 20 àti 21 lè dúró.

Ṣọ́ra o: OpenStax tún ní Chemistry: Atoms First. Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì, ètò wọn ló yàtọ̀, nọ́ńbà orí wọn ò sì bára mu. Mú ọ̀kan, kó o má dà wọ́n pọ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Ìmọ̀

Mo fọwọ́ sí ohun tí Àǹtí sọ, pàápàá orí 10 yẹn.

Ní ti materials science, ìwé tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò ni ti Callister àti Rethwisch, Materials Science and Engineering: An Introduction. Ẹ̀dà kẹwàá jáde ní 2018, ṣùgbọ́n tó o bá rí ẹ̀dà kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ra lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó tán, ó tó ọ. Bí átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú bàbà kò yí padà láti ìgbà náà. Nọ́ńbà ìbéèrè ló ń yí, nítorí náà tí olùkọ́ bá fún yín ní iṣẹ́ àṣetiléwá, da ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kọ, kó o má kọ nọ́ńbà nìkan.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé ìwé Callister jẹ́ méjì, wọ́n sì jọra. Èkejì ń jẹ́ Fundamentals of Materials Science and Engineering: An Integrated Approach. Nínú èkíní, phase diagrams (àwòrán tó ń fi hàn bí àdàpọ̀ ṣe máa rí ní ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan) wà ní orí 9. Nínú èkejì, polymer (bí ike àti rọ́bà) ló gba orí 4, ló bá ti àwọn yòókù síwájú, phase diagrams wá bọ́ sí orí 10. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ka orí 9, tó sì jẹ́ èkejì ló wà lọ́wọ́ rẹ, bí irin ṣe ń kán ni wàá máa kà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ wà níbòmíràn. Wo èèpo ìwé dáadáa kó o tó sanwó.

Fi ọkàn sí orí 3 ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó o gbọ́dọ̀ lè ṣe kó o tó kúrò níbẹ̀ ni kó o mú bí átọ́ọ̀mù ṣe tò, kó o fi rí dẹ́ńsítì irin náà. Mú bàbà. Ó tò lọ́nà FCC (face-centred cubic), bí àpótí kékeré tó ń tún ara rẹ̀ ṣe jálẹ̀ irin náà: átọ́ọ̀mù wà ní igun mẹ́jọ̀ọ̀jọ àpótí náà, ọ̀kan sì wà láàárín ojú kọ̀ọ̀kan. Ti igun, àpótí mẹ́jọ ló ń pín in, torí náà 8 × ⅛ = 1. Ti ojú, àpótí méjì ló ń pín in, 6 × ½ = 3. Àpapọ̀ jẹ́ 4.

Ìwọ̀n láti àárín átọ́ọ̀mù bàbà dé etí rẹ̀, ìyẹn r, jẹ́ 0.128 nm. Níbo ni wọ́n ti fara kanra? Lórí ìlà tó gba ojú àpótí kọjá láti igun dé igun, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà 4r = a√2, a = 0.362 nm, ìyẹn 3.62 × 10⁻⁸ cm. Gbé e sí agbára mẹ́ta, ó di 4.75 × 10⁻²³ cm³. Bàbà 1 mol jẹ́ 63.55 g, átọ́ọ̀mù 6.022 × 10²³ ló sì wà nínú 1 mol, torí náà ìwúwo átọ́ọ̀mù mẹ́rin jẹ́ 4 × 63.55 ÷ (6.022 × 10²³), ìyẹn 4.22 × 10⁻²² g. Pín in, wàá rí nǹkan bí 8.9 g/cm³, ohun tí tábìlì dẹ́ńsítì sọ nìyẹn.

Ẹni tó bá rí 2.2, átọ́ọ̀mù kan ló kà. Ẹni tó bá rí 25, ó rò pé wọ́n fara kanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó sì fi a = 2r ṣe é. Wúrà gan-an 19.3 ni, báwo ni bàbà ṣe máa wúwo tó 25? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá ní 10 sí agbára ńlá kan lẹ́yìn, nm ni kò yí padà sí cm. Gbogbo àṣìṣe yìí ló máa ń fi ojú ara rẹ̀ hàn téèyàn bá mọ ibi tó yẹ kí ìdáhùn wà.

Ará_Manchester

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Mo rò pé ìwé tó le ju OpenStax lọ ló yẹ ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà. Chemical Principles ti Atkins àti Jones kún fọ́fọ́. Ní iwájú rẹ̀ ni abala kan tí wọ́n pè ní Fundamentals wà, láti A dé M, tó kó ohun tó yẹ kéèyàn ti mọ̀ láti sẹ́kọ́ńdìrì jọ. Abala yẹn nìkan dára ju ọ̀pọ̀ ìwé àtúnyẹ̀wò lọ.

Bákan náà, MIT ní kọ́ọ̀sì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 3.091, Introduction to Solid State Chemistry. Kẹ́mísìrì tí wọ́n fi ojú ẹni tó ń ṣe irin, gíláàsì àti semiconductor kọ́ ni, gẹ́lẹ́ ohun tí àbúrò wa ń wá. Ti Grossman ní 2018 wà lórí OpenCourseWare, ìkànnì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ MIT, ti Sadoway ní 2010 náà wà. Ọ̀fẹ́ ni.

Àǹtí_Kẹ́mísìrì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. 3.091 dára, n kò ní jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Atkins àti Jones kọ́ ni mo máa fún ẹni tó ń dá kàwé nílé fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn Fundamentals, kùọ́ńtọ́ọ̀mù ló kàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á há síbẹ̀, á pa ìwé dé, kò sì ní dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ohun líle. Ìwé tó rọrùn tí wọ́n kà dé òpin wúlò fún un ju èyí tó jinlẹ̀ tí wọ́n kà dé ìlàjì lọ. Tó bá ti wà ní 200 level, kó lọ gbé Atkins.

Àbúrò, má wo fídíò 3.091 náà tí dátà bá ń dùn ọ́. Gba PDF ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè pẹ̀lú ìdáhùn wọn, ìyẹn kò jẹ dátà púpọ̀. Tí ọ̀rọ̀ kan bá rú ọ lójú nínú OpenStax, ìkànnì Chemguide máa ń ṣàlàyé ìsopọ̀ átọ́ọ̀mù lọ́nà tó mọ́ kedere. Ìpele A-level ti Britain ni wọ́n kọ ọ́ fún, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ ju àwòrán lọ, torí náà ó ń yá ṣí lórí fóònù.

Nǹkan mìíràn tí kò ní jẹ́ kí ìwé méjì bára mu: àyè tí gáàsì 1 mol ń gbà ní STP, ìyẹn ìwọ̀n ooru àti ìfúnpá tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n. Ababio àti WAEC á sọ pé 22.4 dm³. Ìwé mìíràn á sọ pé 22.7. Kò sí èyí tó purọ́. Ní 1982, IUPAC, àjọ kẹ́mísìrì àgbáyé, yí ìfúnpá tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n láti 1 atm, ìyẹn 101.325 kPa, sí 1 bar, ìyẹn 100 kPa. Ìfúnpá dín díẹ̀, gáàsì fẹ̀ díẹ̀. Nínú ìdánwò, lo èyí tí ìwé ìbéèrè bá fún ọ. Tí wọn ò bá fún ọ, tí ìdánwò náà sì jẹ́ ti Nàìjíríà, 22.4 ni.

Sẹ́ẹ̀lì_Kan

Ọ̀rọ̀ báyọ́lọ́jì ló kù, mo sì ń dúró dè é.

Campbell Biology ni ìwé tí gbogbo ayé mọ̀. Ó dára gan-an, àwòrán rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì wọ́n. Ẹni tí ohun tó ń wá ò ju bí ara ṣe ń gba irin tàbí kọ̀ ọ́ lọ kò nílò ìwé tó ní gbogbo ẹranko àti ewéko nínú. Gba Biology 2e ti OpenStax. Orí 47 ni, àmọ́ orí mẹ́jọ péré ló yẹ kó o kà: 2 dé 5, ìyẹn kẹ́mísìrì inú ara, purotéènì àti àwọn mólékù ńlá yòókù, sẹ́ẹ̀lì àti awọ ara sẹ́ẹ̀lì. Ka 7 lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mí, 10 lórí bó ṣe ń pín, 14 àti 15 lórí DNA àti bí wọ́n ṣe ń ti ara rẹ̀ ṣe purotéènì. Orí 3 ni kó o kà lẹ́ẹ̀mejì, torí purotéènì ló máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n bá fi sínú ara, kí sẹ́ẹ̀lì kankan tó dé ibẹ̀.

Ramalingam ṣì wúlò fún ọ fún àwòrán àti orúkọ ẹ̀yà ara. Ibi méjì wà tí ìwé sẹ́kọ́ńdìrì àti ìwé yunifásítì sábà máa ń ta kora, kó má bàa rú ọ lójú.

Èkíní ni ATP, mólékù tí sẹ́ẹ̀lì ń fi agbára pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ sọ pé glúkóòsì kan ń mú 36 tàbí 38 jáde. Ìwé òde òní ń sọ 30 tàbí 32. NADH àti FADH₂ ni mólékù tó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ATP. Wọ́n máa ń ka NADH kan sí ATP 3 àti FADH₂ kan sí 2 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wò ó fínnífínní, NADH ń mú nǹkan bí 2.5 wá, FADH₂ ń mú nǹkan bí 1.5. Ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ: NADH 10 × 2.5 = 25, FADH₂ 2 × 1.5 = 3, fi ATP 4 tí wọ́n ṣe tààrà kún un, ó di 32. Tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù NADH méjì tó wà níta mitochondria bá gba ọ̀nà FAD wọlé, ATP 2 á dín, ó di 30.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń pín ohun ẹlẹ́mìí. Ìjọba márùn-ún tí Whittaker gbé kalẹ̀ ní 1969 ni wọ́n ń kọ́ ní ọ̀pọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìwé yunifásítì á bẹ̀rẹ̀ láti domain mẹ́ta ti Woese ní 1990: Bacteria, Archaea, Eukarya. Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu tí Monera bá pòórá. Méjì ni wọ́n pín in sí.

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí. Ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́: tí n kò bá rí Callister gidi, ṣé èyí tí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ṣe dára? Ìkejì: gbogbo èèyàn ló ń sọ pé phase diagram le, kí ló le níbẹ̀? Ìkẹta: ìwé wo ló so irin àti ara èèyàn pọ̀?

Alágbẹ̀dẹ_Ìmọ̀

Tóo bá rí àlòkù ojúlówó, òun ni kí o rà, ó sàn ju fọ́tòkọ́pì lọ. Kó o tó sanwó, ṣí i sí orí 9, kó o wo àwòrán méjì. Lórí ti òjé àti tánńganran, o gbọ́dọ̀ lè rí 183 °C àti 61.9% tánńganran kà láìfi ojú wá a. Lórí ti irin àti kábọ́ọ̀nù, o gbọ́dọ̀ lè rí 727 °C àti 0.76% kábọ́ọ̀nù. Tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn bá ti dúdú pọ̀ tàbí tí ìlà ti parẹ́, ìwé náà ò wúlò fún orí 9 dé 11, àwọn orí tí ìdánwò sì fẹ́ràn jù nìyẹn. Wò ó tún bóyá ojú ìwé sọnù láàárín. Tí o kò bá rí èyí tó dáa rà, ìkànnì DoITPoMS ti Cambridge wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀kọ́ lórí phase diagram àti kírísítálì, ó tún ní àwòrán irin lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Ohun tó le nínú phase diagram ni lever rule, ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ bí apá kọ̀ọ̀kan nínú àdàpọ̀ ṣe pọ̀ tó, ibì kan náà ni gbogbo èèyàn sì ti ń ṣìnà. Mú àdàpọ̀ òjé àti tánńganran tí tánńganran rẹ̀ jẹ́ 40%, ní 150 °C. Fa ìlà tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní 150. Lápá òsì ó kan α (ohun líle tí òjé pọ̀ jù nínú rẹ̀) níbi tí tánńganran jẹ́ nǹkan bí 11%, lápá ọ̀tún ó kan β (èyí tí tánńganran pọ̀ jù nínú rẹ̀) ní nǹkan bí 99%. Tó o bá ń wá α, apá tó wà ní ìhà kejì ni wàá mú: (99 − 40) ÷ (99 − 11) = 59 ÷ 88 = 0.67. β jẹ́ 0.33. Ẹni tó mú apá tó sún mọ́ α á rí òdìkejì, á sọ pé α ló kéré. Ọ̀nà méjì ló wà láti mú ara rẹ. 40 sún mọ́ 11 ju 99 lọ, nítorí náà α ló gbọ́dọ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà dá tánńganran padà: 0.67 × 11 + 0.33 × 99 jẹ́ 40. Tí kò bá padà sí 40, tún un ṣe.

Má da ìbéèrè méjì tó yàtọ̀ yìí pọ̀: ohun tó wà *nínú* α (11% tánńganran) àti iye α tó *wà* nínú àdàpọ̀ (67%). Ìdajì máàkì tó ń sọnù nínú ìdánwò, ibẹ̀ ló ń lọ.

Sẹ́ẹ̀lì_Kan

Fún ìbéèrè kẹta: Biomaterials Science ti Ratner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Má tíì gbé e báyìí, ó gbà pé o ti mọ báyọ́lọ́jì àti Callister. Ṣùgbọ́n mú àpẹẹrẹ kan sọ́kàn bó o ṣe ń ka orí 6 Callister lórí agbára irin. Bí stíìlì ṣe le sí láti tẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 200 GPa (gigapascal, òdiwọ̀n líle yìí), titanium Ti-6Al-4V jẹ́ nǹkan bí 110, egungun líle jẹ́ nǹkan bí 10 sí 20. Tí wọ́n bá fi irin tó le jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, irin náà ló máa gbé ẹrù náà. Egungun tí kò gbé ẹrù mọ́ á máa fọ́n, ara á máa kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà irin tó le jù láti tẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́ abẹ ń wá. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun àti tó ń mọ egungun ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, báyọ́lọ́jì ló sì máa sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹrù ti kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Mo ti to ètò báyìí. Oṣù kìn-ín-ní: OpenStax Chemistry 2, 3, 4, 6, 7. Oṣù kejì: Callister orí 2 àti 3, OpenStax Biology 2 dé 5. Oṣù kẹta: OpenStax Chemistry 10, Callister orí 4, 6 àti 9, báyọ́lọ́jì tó kù. Ẹ bá mi wò ó.

Àǹtí_Kẹ́mísìrì

Ó dára, àyàfi ibì kan. Gbé orí 10 kẹ́mísìrì síwájú Callister orí 3, kó wà ní ìparí oṣù kìn-ín-ní. Orí 10 yẹn ló kọ́kọ́ fi àpótí kírísítálì hàn, ó sì rọra ṣàlàyé rẹ̀ ju Callister lọ. Kó o tún fi wákàtí kan lójoojúmọ́ ṣe ìbéèrè, yàtọ̀ sí èyí tó o fi ń kàwé. Dáhùn tán kó o tó wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé.

Alágbẹ̀dẹ_Ìmọ̀

Àti orí 5 Callister, má fo ó tán. Ka ojú ìwé díẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí bí átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn nínú ohun líle kó o tó dé 9, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwọ ò ní mọ ìdí tí irin tí wọ́n tètè mú tutù fi yàtọ̀ sí ohun tí phase diagram sọ.

Nígbà tó o bá parí orí 3, ṣe ti aluminium, kó o fi sí ibí ká bá ọ wò ó: FCC, r = 0.143 nm, ìwúwo 26.98 g/mol. Ó yẹ kó o rí nǹkan bí 2.7 g/cm³. Kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìdáhùn nìkan, ká lè rí ibi tó ti yà bí kò bá bọ́ sí i.